Bí Alhaji Nosiru Ṣe Fi Mùtàlíbù Jẹ Balógun

Alhaji Nosiru Ọláníyọnu fẹ́ràn iyì ju oyin lọ. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí ó bá ti jókòó síwájú gbọ̀ngàn, tí agbádá rẹ̀ bo apá àga méjèèjì, tí àwọn obìnrin ń kúnlẹ̀ kí i, tí àwọn ọkùnrin ń dọ̀bálẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣe bí ẹni fẹ́ dọ̀bálẹ̀, ó máa ń gbàgbé pé takisí ni òun ń wà ní ìgboro Dublin láti Mọ́ńdè dé Sátidé, àti pé ọ̀mùtí kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bì sí ẹ̀yìn ọkọ̀ òun lánàá. Ta ni kò ní gbàgbé? Ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní Bàbá Ẹgbẹ́ kò ní ohun tó fẹ́ fi èébì ọ̀mùtí ṣe.

Ẹgbẹ́ tí a ń wí yìí ni ti àwọn Mùsùlùmí ọmọ Yorùbá tí ń ṣe àsàlátù ní gbọ̀ngàn ilé ìkẹ́rùsí kan ní Ballycoolin, létí Dublin. Kò bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀. Inú pálọ̀ Alhaji ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí òun àti Sofiyullah ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìlú òtútù, tí wọ́n jọ ní kóòtù kan ṣoṣo, tó jẹ́ pé bí ọ̀kan bá wọ̀ ọ́ jáde, èkejì á jókòó ti ẹ̀rọ amúlégbóná títí yóò fi dé. Ìjọ ẹni méjì ni nígbà náà. Sofiyullah á pe ìrun, Nosiru á ṣe lèmọ́mù, wọn á sì jọ mu gàrí lẹ́yìn rẹ̀. Kò sí alága, kò sí akọ̀wé, kò sì sí ìjà.

Àfi bí owó ṣe dé bá Ireland lójijì. Àwọn Òyìnbó ibẹ̀, tí àwọn baba ńlá wọn ti ń fi ọkọ̀ ojú omi sá lọ sí Amẹ́ríkà nítorí ebi, bẹ̀rẹ̀ sí í ra ilé bí ẹni ń ra búrẹ́dì, wọ́n sì ń wá ẹni tí yóò bá wọn ru ẹrù, tí yóò bá wọn ṣọ́ ilẹ̀kùn, tí yóò bá wọn wẹ ìyá wọn àgbà. Àwọn èèyàn wa ní àwọn rèé. Kò pẹ́ tí ẹgbẹ́ fi kún, bí ó sì ti kún ló pín sí méjì. Àwọn tó ń gbé àdúgbò Lucan ló kọ́kọ́ dé, nítorí náà wọ́n gbà pé àwọn ni ọmọ ààfin. Àwọn ará Balbriggan ló ra ilé tuntun létí òkun, nítorí náà wọ́n gbà pé ẹni tó ń jí wo òkun ju ẹni tó ń jí wo ògiri aládùúgbò lọ. Bí ará Lucan bá ní kí wọ́n se ìrẹsì funfun, ará Balbriggan á ní jọ̀lọ́ọ̀fù.

Lọ́jọ́ ìtúnu ààwẹ̀ ọdún kan, ìyá méjì fi ìgbakọ bá ara wọn jà nídìí kúlà oúnjẹ, ọbẹ̀ sì ta sí fìlà àlfáà. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Bàbá Ẹgbẹ́. Ẹjọ́ tí kò ju ọ̀rọ̀ ìrẹsì lọ ni, ọmọdé tó gbọ́n lè dá a. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dá ẹjọ́ yóò fi ẹnìkan ṣe ọ̀tá, Alhaji kò sì fẹ́ kí ìkúnlẹ̀ kan ṣoṣo dín nínú èyí tó ń gbà. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó ní kí wọ́n bá òun pe Mùtàlíbù.

Mùtàlíbù jẹ́ ọkùnrin gíga, olóhùn jẹ́jẹ́, tó ń ṣọ́ ilé ìkẹ́rùsí lọ́sàn-án, tó sì ń dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé ijó kan ní ìgboro lópin ọ̀sẹ̀. Ọtí kò kan ẹnu rẹ̀ rí láyé, ṣùgbọ́n òun ló ń sọ ẹni tí yóò wọlé lọ mu ún. Àwọn ará Lucan kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. “Gáàdì yẹn” ni wọ́n ń pè é, ẹ̀yìn ni wọ́n sì máa ń ní kó jókòó sí, nítòsí ibi tí a ń bọ́ bàtà sí. Sọ́ńdè tó tẹ̀lé e, ó kó àwọn ọ̀dọ́kùnrin bíi tirẹ̀ wá, gbogbo wọn wọ ẹ̀wù yẹ́lò tó ń dán, èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ Ballycoolin ń wọ̀ kí ọkọ̀ akẹ́rù má baà gbá wọn. Kò pariwo. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn dúró sáàárín kúlà Lucan àti kúlà Balbriggan, ó ká ọwọ́ síwájú, ó ní, “Ẹ̀yin màmá wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tò sórí ìlà.” Wọ́n sì tò.

Inú ìjọ dùn dẹ́yìn. Wọ́n jẹun tán láìsí pé ẹnikẹ́ni fa ìborí ẹnikẹ́ni ya. Alhaji ṣàdúrà fún Mùtàlíbù títí itọ́ fi gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo ìdùnnú yìí, kò sí ẹni tó béèrè ìgbà tí àwọn ọmọkùnrin náà yóò bọ́ ẹ̀wù yẹ́lò sílẹ̀.

Ìrẹsì ni wọ́n kọ́kọ́ ń ṣọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ń ṣọ́ ilẹ̀kùn, nítorí ibẹ̀ ni ìrẹsì ń gbà wọlé. Láti ilẹ̀kùn wọ́n dé ibi ìgbọ́kọ̀sí, nítorí ibẹ̀ ni àwọn èèyàn ń gbà dé ilẹ̀kùn. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí àwọn ló ń kọ́kọ́ dé. Ẹ̀rọ gbohùngbohùn bọ́ sí wọn lọ́wọ́, nítorí àwọn ló ń kẹ́yìn lọ. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí, Mùtàlíbù á wá sílé Alhaji, á nà gbalaja sórí kápẹ́ẹ̀tì, á ní, “Bàbá, àṣẹ ni mo wá gbà o.” Ọ̀rọ̀ rere ní ń yọ obì lápò, Alhaji kì í sì í pẹ́ kó tó yọ tirẹ̀. Bí ohun tí Mùtàlíbù ń gbà ṣe ń pọ̀ sí i ni ìdọ̀bálẹ̀ rẹ̀ ń pẹ́ sí i nílẹ̀.

Ó wá ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ kan pé Alhaji fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa ilé-kéú àwọn ọmọdé. Abdullateef, ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wù yẹ́lò, wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó fi ọ̀wọ̀ tẹrí ba, ó ní, “Bàbá, àkókò ti lọ sà. Ẹ kàn bá wa fi àdúrà kádìí ẹ̀.” Alhaji fi àdúrà kádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà délé bí ẹni tí eegun ẹja há lọ́fun.

Ní kíṣìnì, Husainat ìyàwó rẹ̀ ń ro ẹ̀fọ́ lórí iná. Ikram ọmọ wọn, tó ń kọ́ ìmọ̀ ìtàn ní yunifásítì, ti fi ìwé bo tábìlì. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá dáadáa, àmọ́ bí ó bá la ẹnu, Dublin ló ń jáde.

“Kí ni wọ́n tún ń kọ́ yín báyìí?” Alhaji béèrè, kó lè gbàgbé eegun ẹja rẹ̀.

“Japan, Dad. How the samurai ended up running the place.”

“Àwọn onídà yẹn? Kúù ni wọ́n ṣe ni, bíi ti àwọn ṣọ́jà tiwa?”

“No, that's the mad bit, Dad! Nobody got kicked out at all.”

Ó wá rọ́ ìtàn náà fún un, ìyá rẹ̀ ń fi Yorùbá tún ibi tó bá le sọ. Ó ti lé ní ẹgbẹ̀rin ọdún, ọba Jàpáànì wà ní Kyoto pẹ̀lú àwọn ìjòyè aláṣọ sílíkì, wọ́n ń kọ ewì, wọ́n ń wo òṣùpá. Wọ́n ní oko káàkiri ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ fi ẹsẹ̀ kan ẹrẹ̀ nínú wọn, nítorí náà àwọn jagunjagun ìgbèríko ló ń bá wọn ṣọ́ ọ. Bí irú àwọn wọ̀nyẹn bá wá sí ààfin, ẹ̀yìn ni wọ́n ń ní kí wọ́n jókòó sí. Nígbà tí ìjà bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn ará ààfin fúnra wọn, apá kìíní ránṣẹ́ pe jagunjagun, apá kejì náà ránṣẹ́ pe tirẹ̀. Ìjà parí, ṣùgbọ́n àwọn tí wọ́n pè kò padà sóko mọ́. Ìdílé jagunjagun kan gba agbára, wọ́n fi ọmọ-ọmọ wọn jọba. Ìdílé mìíràn dìde, wọ́n lé ìyẹn títí dé inú òkun. Olórí àwọn tó ṣẹ́gun yìí, Yoritomo, kò wá gbé ní Kyoto rárá. Kamakura ló jókòó sí, ìlú etíkun kan tó jìnnà, ó sì bẹ ààfin pé kí wọ́n jẹ́ kí òun fi àwọn èèyàn òun ṣe olùṣọ́ àti alábòójútó káàkiri, nítorí àlàáfíà. Ààfin ní ó dára. Ó wá ku oyè. Wọ́n ní ọba àgbà kan, tó ti gbé adé sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣùgbọ́n tí òun fúnra rẹ̀ ṣì ń darí ààfin, kọ̀ jálẹ̀ láti fún un ní oyè ọ̀gágun tó ń fẹ́. Ọdún tí ọba àgbà náà kú gan-an ni Yoritomo gba oyè náà.

Alhaji ti gbàgbé ẹ̀fọ́. “Ọba tó wà lórí ìtẹ́ ńkọ́? Wọ́n pa á?”

“Ah no, he was grand. They kept him. He said the prayers and that.”

“Ẹ ò rí i!” Alhaji lu tábìlì. “Ọba àgbà yẹn ni kò gbọ́n. Oyè tó yẹ kó tètè fún ọmọkùnrin yẹn, ó háwọ́ sí i! Ẹni tí o bá fi joyè, ọmọ rẹ ni. Tó bá ti dọ̀bálẹ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ lójú ayé, ó parí. Ta ló ń ju ẹni tó fi í joyè lọ?”

“Dad, that's literally the opposite of the point.”

“Pọ́íǹtì wo? Ẹ̀yin ọmọ ìwé, ẹ mọ ìtàn, ẹ ò mọ ayé.”

Husainat kò yí ojú kúrò nídìí ọbẹ̀ rẹ̀. “Alhaji, ẹ má bínú o. Ọba tó kọ̀ yẹn, ìgbà tó wà láyé, ṣé ẹnìkan fún jagunjagun yẹn lóyè?”  Ọkọ rẹ̀ ti ń ro irú láwàní tí yóò wé fún Mùtàlíbù.

Ohun tí kò yé Ikram nìyí, a kò sì lè bá a wí, Ireland ló tọ́ ọ. Láàárín tiwa, oyè ni a fi ń so èèyàn mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń yọ ìlú lẹ́nu, a ó wá nǹkan fi í jẹ, inú rẹ̀ á dùn, yóò ra aṣọ, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹni tó fún un, kí wọ́n má baà gbà á padà. Ó ti ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Àṣìṣe Alhaji ni pé ó rò pé iyì oyè ni Mùtàlíbù ń wá, kò mọ̀ pé iṣẹ́ inú oyè náà gan-an ni ọkùnrin náà fẹ́ ṣe.

Ọjọ́ ìwúyè pé. Balógun Àdínnì ni wọ́n pe oyè náà, ti ẹni tí yóò máa jà fún ẹ̀sìn. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni Alhaji fi wé láwàní fún un. Ó mú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, ó ní, “Láti òní lọ, ilẹ̀kùn ẹgbẹ́ yìí, àbò ẹgbẹ́ yìí, mo fà á lé Balógun lọ́wọ́. Ohun tó bá dì kò ní tú, ohun tó bá tú kò ní dì.” Ìjọ hó yèè. Balógun tuntun nà sílẹ̀, ó pẹ́ nílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn obìnrin kan fi ń nu omi ojú.

Sofiyullah tẹ̀ sétí ọ̀rẹ́ rẹ̀. “Nosiru, ọkùnrin yìí ò dọ̀bálẹ̀ o. Ilẹ̀ ló ń wọ̀n.”

“Ìlara ń dà ọ́ láàmú,” Alhaji sọ, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà.

Lẹ́yìn ọjọ́ yẹn, Balógun kò wá sí Ballycoolin mọ́. Ó ti ra ilé sí Balbriggan, kò jìnnà sí ibùdókọ̀ ojú irin, ibẹ̀ ló sì jókòó sí. Ó fi ẹnìkan ṣe alábòójútó ní Lucan, ó fi òmíràn ṣọ́ gbọ̀ngàn. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọmọ lórúkọ á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Balbriggan. Ẹni tó bá fẹ́ so yìgì á wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Balbriggan. Àwọn ará Lucan tí wọ́n ń pè é ní gáàdì nígbà kan, àwọn ni wọ́n ń gbé kéèkì lọ jù. Wọ́n ní àfẹ́fẹ́ òkun dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

“Bó ṣe yẹ kó rí gan-an nìyẹn,” Alhaji ń ṣàlàyé fún Husainat. “Àrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò kì í bá Aláàfin gbé ìlú. Ọba kì í pé méjì láàfin.”

“Ẹ tún ti gbàgbé Àfọ̀njá,” Husainat ní. “Kakaǹfò lòun náà. Ẹ lọ bi Ọ̀yọ́ Ilé léèrè.”

Ọ̀yọ́ Ilé ti di igbó, kò sí ẹni tí Alhaji lè bi níbẹ̀. Ó tún kó agbádá rẹ̀ wọ̀ lọ́jọ́ Sọ́ńdè, wọ́n tún kúnlẹ̀ kí i. Wọ́n á gbé ẹ̀rọ fún un ní ìbẹ̀rẹ̀ kó ṣàdúrà, wọ́n á gbé e fún un ní ìparí kó ṣàdúrà. Láàárín méjèèjì, Abdullateef á ka ohun tí Balógun wí.

Sofiyullah nìkan ni kò gbé kéèkì lọ síbì kankan. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Sọ́ńdè kan, àwọn ẹlẹ́wù yẹ́lò ní kó wa ọkọ̀ rẹ̀ kúrò níbi tó ti ń gbé e sí láti ìgbà tí wọ́n ti gba gbọ̀ngàn, pé ti àwọn èèyàn Balógun ni ibẹ̀ báyìí. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ní, “Balógun wo? Gáàdì tí mo fún ní omi mu nígbà tó dé? Ta ló ṣẹ́gun tó fi di Balógun, ìrẹsì?” Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló bà á jẹ́. Kí oòrùn tó wọ̀, àṣẹ ti dé láti Balbriggan pé Sofiyullah kò gbọdọ̀ wọ gbọ̀ngàn mọ́, àfi bí ó bá wá tọrọ àforíjì.

“Jẹ́ kí n bójú tó o,” Alhaji sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó tẹ Mùtàlíbù láago. Mùtàlíbù ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni mí.” Alhaji dúpẹ́, ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sì pẹ́ kó tó yé e pé kò sí ohun tí ọkùnrin náà ṣèlérí.

Ọ̀rọ̀ ìbá ṣì wà bẹ́ẹ̀, ká máa fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, ká ní kì í ṣe pé ìyá Sofiyullah kú ní Ìsẹ́yìn. Tọ̀yìbátù ni orúkọ ìyá náà, òun ló ta ilẹ̀ rẹ̀ kí ọmọ tó rí ọkọ̀ òfuurufú wọ̀. Ìwé ìgbélùú Sofiyullah ṣì wà lọ́dọ̀ ìjọba, bí ó bá jáde ní Ireland, kò ní lè wọlé mọ́. Ojú fóònù ló ti wo ìsìnkú ìyá rẹ̀. Ó wá sínú pálọ̀ Alhaji, ó jókòó sí ibi tí wọ́n ti jọ ń mu gàrí, ó sì sunkún bí ọmọdé.

“Mi ò bá wọn dé sàréè, Nosiru,” ó ní. “Mi ò bu iyẹ̀pẹ̀ kan ṣoṣo lé wọn. Fìdáù yìí nìkan ló kù tí mo lè ṣe fún wọn. Mo fẹ́ kí èèyàn pọ̀. Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ̀pọ̀ ohùn níbi tí wọ́n wà.”

Àánú rẹ̀ ṣe Alhaji, àánú òtítọ́. Kò rántí iyì, kò rántí agbádá. Ó di ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ mú. “Mo fi Ọlọ́run jẹ́rìí, inú gbọ̀ngàn yẹn ni a ó ti ṣe fìdáù Màmá, níwájú gbogbo ìjọ, ìwọ á sì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí n ò bá lè ṣèyẹn, kí ẹnikẹ́ni má pè mí ní Bàbá mọ́.”

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè náà, òjò wínníwínní ilẹ̀ Ireland, èyí tí kì í rọ̀ tán tí kì í sì í dá, ń rọ̀ sí Ballycoolin. Alhaji àti Sofiyullah dé ẹnu ọ̀nà pọ̀. Sofiyullah wọ funfun látòkè délẹ̀, ó gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sàráà dání. Abdullateef àti ẹnìkejì rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ nínú omi òjò.

“Ẹ káàbọ̀ sà, Bàbá wa. Ẹ tètè wọlé, òjò ń pa yín.” Ó yíjú sí Sofiyullah. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àṣẹ̀yìndè Màmá. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ẹ dúró níta.”

“Abdullateef,” Alhaji ní, “mo ní kí ó wọlé.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà.”

“Kúrò lọ́nà.”

“Bẹ́ẹ̀ ni sà. Àṣẹ yín ni sà.” Kò mira.

“Ṣé o ò gbọ́ mi ni?”

“Mo gbọ́ yín dáadáa, Bàbá. A kì í kọ ọ̀rọ̀ sí yín lẹ́nu.” Ó tún tẹrí ba, ejìká rẹ̀ méjèèjì sì dí ẹnu ọ̀nà pátápátá.

Alhaji tẹ Balbriggan láago. Ohùn Mùtàlíbù rọ̀ bí òwú. “Bàbá, ta ni mo jẹ́ tí n ó dá yín lẹ́kun? Mo ti gbọ́ nípa Màmá, ó dùn mí gan-an. Mo ti ní kí wọ́n dárúkọ wọn sínú àdúrà òní. Àdúrà, tiyín ni, kò sí ẹni tó lè gbà á lọ́wọ́ yín. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn ni ẹ fà lé mi lọ́wọ́ lójú ayé, ẹ sì wé láwàní lé e. Bí mo bá ṣí i lónìí láìsí àforíjì, oyè tí ẹ̀yin fún mi ni mo fi wọ́lẹ̀ yẹn. Mi ò lè rí yín fín bẹ́ẹ̀ láé.”

Alhaji dá ọ̀rọ̀ náà mọ̀. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni.

Sofiyullah fọwọ́ kàn án léjìká. “Nosiru, ó tó. Jẹ́ ká lọ sílé rẹ. Ìwọ àti èmi, Husainat, Ikram. Ẹni mẹ́rin tó àdúrà í ṣe. A ti ṣe é ní ẹni méjì rí.”

Ká ní Alhaji gbà, ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀, ì bá sì dùn. Ṣùgbọ́n ó wo inú gbọ̀ngàn, ó rí gbogbo èèyàn tó kún ibẹ̀, ó rí àga rẹ̀ tó ṣófo. Ó ní, “Rárá. Mo ti búra. Ìjọ ló ni ilẹ̀kùn. N ó wọlé, n ó sọ ọ́ sí wọn létí lórí ẹ̀rọ. Tí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, àwọn fúnra wọn ni yóò wá mú ọ wọlé.” Ó dá a lójú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kúnlẹ̀ kí i, kò sì tíì bi ara rẹ̀ rí bóyá wọ́n ń gbọ́ ohun tó ń sọ.

Ó wọlé. Gbogbo ilé dìde fún un. Abdullateef sáré tẹ̀lé e, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn fún un. Kí Alhaji tó la ẹnu, wọ́n ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ti di ojú.

“Ẹ̀yin ìjọ!” ó pariwo. “Sofiyullah wà níta!”

“Àmín!” ni ilé dáhùn.

Ó tún gbé ohùn sókè. “Ẹni tó bá mi dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ni wọ́n tì mọ́ta nínú òjò!”

“Àmín o!”

“Ìyá rẹ̀ ló kú! Fìdáù ló wá ṣe! Mùtàlíbù ò ní ẹ̀tọ́ láti ṣe èyí!”

“Àmín! Àmín, láṣẹ Ọlọ́run!”

“Ẹ lajú! Àdúrà kọ́ ni mò ń gbà! Mò ń bá yín sọ̀rọ̀ ni!”

“Àmín, àmín, àmín!” Inú wọn dùn sí bí ara Bàbá ṣe le lónìí. Ìyá kan láti Balbriggan ti ń mi orí, omi ń dà lójú rẹ̀. Ará Lucan kan sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé irú àdúrà gbígbóná báyìí, ó ti pẹ́.

Láàárín àwọn obìnrin, Ikram dìde dúró. “He's not praying!” ó ké. “He's talking to yous!” Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹ́wù yẹ́lò lọ bá a, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bẹ̀ ẹ́ kó jókòó, pé wọ́n ń ṣàdúrà. Husainat fa ọmọ rẹ̀ mọ́ra. Obìnrin náà kò ṣe àmín, ó kàn ń wo ọkọ rẹ̀.

Abdullateef gba ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ Alhaji jẹ́jẹ́. “Ẹ ṣeun, Bàbá. Ọlọ́run á gbà á.”

Ọwọ́ Alhaji ṣófo. Ojú tì í, ojú tì í gidi. Ó gba ojú gíláàsì ilẹ̀kùn wo ìta. Wọ́n ti fi sípíkà sókè ẹnu ọ̀nà fún àwọn tó bá pẹ́ dé, nítorí náà Sofiyullah ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ti gbé kúlà mọ́ínmọ́ín sílẹ̀ sẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nínú òjò, ó di ojú, ó ń dúró. Kò sí ìbínú lójú rẹ̀ mọ́. Ohùn púpọ̀ ló wá gbà fún ìyá rẹ̀, ó sì ń dúró kí wọ́n dárúkọ rẹ̀.

“Abdullateef,” Alhaji ní, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, “fún mi ní ẹ̀rọ yẹn.”

Abdullateef wo ojú rẹ̀. “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe, sà?”

“Àdúrà.”

Kíá ni ó gbé e fún un, ó sì dọ̀bálẹ̀. Alhaji Nosiru dárúkọ Màmá Tọ̀yìbátù, ó bẹ Ọlọ́run kó forí jìn wọ́n, kó jẹ́ kí sàréè gbà wọ́n láyè, kó fi Àlùjánnà ta wọ́n lọ́rẹ. Ó ṣe é dáadáa, nítorí pé ó mọ̀ ọ́n ṣe. Gbogbo ilé dáhùn, ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ náà sì ń ṣe àmín níta.